Pákó Tí Ẹgbẹ́ Fi Pamọ́ Fún Òkú

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, afárá ni wọ́n fi ṣí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe kú, tí wọ́n fi àpò sìn ín. Ojú ti gbogbo wọn. Wọ́n bá ṣòfin: igi líle tí ẹgbẹ́ bá là, ti pósí ọmọ ẹgbẹ́ ni; igi rírọ̀ ni kí wọ́n máa fi tún afárá ṣe.

Káfíńtà nìkan ló jiyàn. "Ẹ̀yin èèyàn mi, omi kì í tètè jẹ igi líle. Òkú ò sì mọ irú igi tóun sùn lé."

Alága rẹ́rìn-ín. "Afárá ṣeé tún ṣe, Káfíńtà. Èèyàn kì í kú lẹ́ẹ̀mejì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tún un ṣe, títí àwọn ọ̀dọ́ fi bá tiwọn lọ, tí àwọn àgbà ń wọ pósí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Alága fúnra rẹ̀ kú, pákó igi líle tó kù nínú gbọ̀ngàn ò ju ti pósí kan lọ. Afárá ti jẹrà débi pé agbẹ̀bí tó ń gbé lódìkejì odò búra pé òun ò ní gùn ún mọ́. Oyún àbúrò Káfíńtà sì ti wọ oṣù rẹ̀.

Opó Alága wá bá Káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé o ti wọn ọkọ mi?"

"Afárá ni mo wọ̀n, Ìyá."

"Ìwọ tó kan pósí fún gbogbo wọn. Orí ọkọ tèmi ni òfin wá kú sí?"

"Ẹ bínú sí mi, Ìyá. Àbúrò mi ò lè lúwẹ̀ẹ́ lọ bímọ."

Káfíńtà kó pákó tó kù náà lọ sídìí afárá. Ó kọ́kọ́ lu ihò sí pákó kọ̀ọ̀kan, kí ìṣó má bàa là á. Ó fi àlàfo ìka kan sáàárín wọn, kí omi òjò lè máa ríbi gbà.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, ẹní ni wọ́n fi wé Alága. Ibi ìsìnkú wà lódìkejì odò. Àwọn tó rù ú gun afárá. Pákó ò tilẹ̀ dún. Ìyá dé etí afárá, ó dúró. Káfíńtà na ọwọ́ sí i, Ìyá ò wò ó. Ó ká ìró sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú odò. Omi mù ún dé àyà.

Káfíńtà kó sómi tẹ̀lé e. Ó sún mọ́ ọn lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ Ìyá bá yọ̀ kó lè gbá a mú. Ìyá ò bojú wẹ̀yìn.