Ulos Kò Ṣeé Dà Bo Ara Ẹni

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní erékùṣù Samosir, láàárín adágún Toba, ilé náà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó da ulos, aṣọ òfì tí wọ́n fi ń súre, bo ọmọ léjìká.

Rumondang kò mọ èyí. Ìlú Surabaya tó jìnnà réré ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn méjèèjì yóò jọ lọ gba ulos nílé, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́. Ló bá dá wọkọ̀ ojú omi, ó pinnu pé òun kò ní fi èjìká òfìfo padà.

Ìyá Lasro, tó ń hun ulos tà ní Samosir, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé rẹ̀, ó nasẹ̀, òfì so mọ́ ọn níbàdí. Rumondang fọwọ́ ba ulos dúdú kan tó ní ìlà pupa.

“Ìyá, mo fẹ́ ra èyí fún ara mi.”

“Ta ni yóò dà á bò ọ́?”

“Èmi náà ni.”

Ìyá Lasro rẹ́rìn-ín. “Ìwọ lo máa ń súre fún ara rẹ? Tó bá jẹ́ òtútù ló ń mú ọ, aṣọ òtútù wà lọ́jà. Ọwọ́ ará ilé ìyá ẹni la ti ń gba ulos.”

Rumondang fọwọ́ kúrò lára aṣọ náà. “N ò mọ ẹnì kankan nílé ìyá mi mọ́.”

“Ìdílé wo ni?”

“Sinaga ni bàbá mi. Simbolon ni ìyá mi tó ti kú.”

Ìyá Lasro dá òfì dúró, ó ké sí ìta. “Bàbá Lasro, ẹ fi àwọ̀n yẹn sílẹ̀. Ọmọbìnrin Simbolon kan bímọ, ọmọ ọ̀hún ti dé o.”

Ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ Simbolon, wọlé tòun ti abẹ́rẹ́ àwọ̀n. Òun àti Rumondang ka àwọn baba ńlá Simbolon lórí ìka, bí ìyá Rumondang ti kọ́ ọ. Ní ìka keje, ìran méjèèjì pàdé lọ́dọ̀ baba ńlá kan ṣoṣo.

“Ní ìṣirò ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mo jẹ́. Tulang ni kí o máa pè mí.”

“Ọjà mi bàjẹ́,” ni Ìyá Lasro wí. “Oníbàárà ló wọlé, ó wá dọmọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sì ti múra àtidá owó ńlá lé e.”

Tulang tẹ́ ulos náà sí èjìká Rumondang, ó gbọ́wọ́ lé e lórí. “Ọmọ arábìnrin mi, Toba kì í gbẹ, ayọ̀ rẹ ò ní gbẹ. Ìyá rẹ kò lè bá ọ wá, àdúrà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ dé. Ọlọ́run á mú ọ dàgbà dàgbà.”

Rumondang ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ bọ àpò owó. Ìyá Lasro gbá a lọ́wọ́.

“Tọ́jú ẹ. Gbé ìkòkò yẹn, bá mi pọn omi wá, kí n fi se ẹja.”