Ọjọ́ Tí Wọ́n Rán Tolúwaṣẹ Lọ sí Barakallahu

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tí yóò bú lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Màmá Táyéwò ni kó bú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀: pé orí òun tó funfun yìí, òwú ni wọ́n dì sínú rẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ, pé bí wọ́n bá ń pín ẹ̀bùn fún àwọn arúgbó tó gọ̀ jù ní àdúgbò Barnawa, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé ìdí ńlá òun jókòó sórí àga iwájú.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, nínú ọyẹ́. Eruku gba ojú ọ̀run, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Aago méje kò tíì lù tí Bẹ̀llò tó ń wa kẹ̀kẹ́ fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ṣí fìlà. Ó ní Ganiat, ọmọ Alhaji Abdulganiyu, ilé kẹta sí tiwọn, ikọ́ fée gbé e ní àsùbáà. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tí èémí fi pin.

"Ganiat wo?" ni Màmá béèrè, bí ẹni pé Ganiat méjì ló wà ládùúgbò. Ganiat tó máa ń jẹ ẹ̀wà nílé rẹ̀ tí yóò tún há ìkòkò. Ganiat tí òun àti Tolúwaṣẹ, ọmọ ọmọ Màmá, ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan láti pírámárì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Tolúwaṣẹ ṣì ń sùn. Màmá dúró lórí rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ tó yọ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, ojora mú un. Nígbà tí Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ bí pẹ̀lú rẹ̀ kú lọ́jọ́sí, ẹni tó wá túfọ̀ kò ní sùúrù. Inú ilé ìyàgbẹ́ ni Màmá wà tí onítọ̀hún fi ké e sí i láti ìta. Ó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ò tíì parí ohun tí òun ń ṣe níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ti búra pé kò sí ọmọ òun tí yóò gbọ́ ikú báyẹn. Yóò jẹun ná. Yóò jókòó. Àgbà yóò wá rọra sọ ọ́.

Nítorí náà ó jí ọmọ, ó purọ́.

"Dìde, èlùbọ́ ti tán. Lọ gbà á wá lọ́wọ́ àǹtí rẹ Bridget ní Barakallahu."

"Màmá! Barakallahu? Ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún? Haba!"

"Ìpẹ̀kun ìlú kò ní bù ọ́ jẹ. Gbé fóònù ẹ sílẹ̀ fún mi, tèmi ti kú."

Ó ti ṣírò rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn ní Kabba, òkú a máa sùn sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn a lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, wọn a ṣe àìsùn kó tó wọlẹ̀. Àyè wà. Ogójì ọdún ni Màmá ti ń jẹ ẹran iléyá láàárín àwọn mùsùlùmí, ẹran náà kò sì jẹ́ kó rántí pé wọn kì í fi òkú pamọ́ di ọjọ́ kejì.

Ìgbà tó wọ ilé Alhaji ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ló tó rántí. Wọ́n ti wẹ Ganiat, wọ́n ti dì í sínú aṣọ funfun, ojú nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀ kí àwọn obìnrin lè wò ó. Àwọn ọkùnrin ti ń kó ara wọn jọ níta. Ìyá Ganiat jókòó sórí ẹní, kò sunkún, ó kàn di fóònù ọmọ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Tolú dà?"

Màmá wolẹ̀. "Ó ń bọ̀."

"Wọ́n ní àwọn ò ní kọjá ìrun ọ̀sán. Nígbà tí ikọ́ náà dé e gan-an, ó ní, 'Ẹ bá mi pe Tolú.' N ò pè é. N ò fẹ́ da oorun yín rú." Ó ń tẹ fóònù. "Ẹ jẹ́ n pè é báyìí."

Orin bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmú Màmá Táyéwò.

Orin ijó ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí fi ń ju ìdí. Gbogbo obìnrin inú yàrá yíjú. Màmá ki ọwọ́ bọ àyà. Ó ń wá a lápá òsì, fóònù ti yọ́ gba apá ọ̀tún sísàlẹ̀, orin ń lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín ì bá ti gbé wọn ṣubú. Nígbà tó fi máa fà á yọ, àwòrán Ganiat ló wà lójú rẹ̀, ó yọ ahọ́n síta.

Ìyá Ganiat kò bínú, ìyẹn ló wá burú jù. "Níbo lẹ rán an lọ?"

"Barakallahu."

Màmá fi fóònù kan náà pe Bridget. Bridget ní ọmọ ti wọkọ̀, ó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìyá Ganiat dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, Màmá sì ń gbọ́ bó ṣe ń bẹ ọkọ rẹ̀: "Ẹ fún wa díẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà." Alhaji sì ń dáhùn: "Sai hakuri, Ìyá Ganiat. Àfi sùúrù."

Màmá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ó wo ojú náà ní ìpín tirẹ̀, ó tún wò ó ní ìpín Tolúwaṣẹ. Wọ́n bò ó. Wọ́n gbé e jáde.

Àwọn ọkùnrin ń ti itẹ́ òkú bọ̀, iyẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, nígbà tí Tolúwaṣẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, tó gbẹ́rù karí. Ó kí wọn. Alhaji ló dúró. "Ọ̀rẹ́ ẹ ti lọ o, Tolú. A retí ẹ títí." Ní ìdúró, lójú títì, pẹ̀lú ẹrù lórí, ni ọmọ ṣe gbọ́ ọ.

Nígbà tí Màmá rí i, ọmọ náà ti jókòó sílẹ̀ nílé, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò sunkún. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Bú mi," ni Màmá wí. Ó kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ dún kàù. "Àgbàyà ni mí. Bú mi, ọmọ mi, máà dákẹ́."

Tolúwaṣẹ kò bú u.

"Màmá, ẹ̀yin rí i?"

"Mo rí i."

"Wọn ò tíì bo ojú ẹ̀ nígbà náà?"

"Wọn ò tíì bò ó."

Ọmọ náà sún mọ́ ọn, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ṣé ó jọ ẹni tó ṣì ń retí mi?"