Níbi Tí Òtútù Kù Sí

Saturnina fi gìgísẹ̀ tẹ ọ̀dùnkún kan, ó bẹ́ pẹ̀ẹ̀. Omi dúdú tú jáde lára rẹ̀, ó ń rùn.

"Háà! Mo gbé!"

Láti ìgbà àwọn babańlá ọkọ rẹ̀, bí àjọ̀dún San Juan, tó máa ń bọ́ sí ìgbà òtútù, bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, orí koríko pápá yìí ni wọ́n ń tẹ́ ọ̀dùnkún sí. Òtútù òru a mú un dì gbagidi, oòrùn a yọ́ ọ, wọn a fẹsẹ̀ lásán tẹ omi inú rẹ̀ dànù, a sì gbẹ di chuño tí wọn yóò máa jẹ títí di ìkórè mìíràn. Bí Saturnina náà ṣe ṣe é nìyẹn. Àjọ̀dún dé, àjọ̀dún lọ, òtútù ò wá. Ìrì lásán ló ń sẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá rà, kí ni òun àtàwọn ọmọ òun máa jẹ?

Ibì kan ṣoṣo ni òtútù kù sí: orí òkè, lọ́dọ̀ Justa, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Justa kẹ̀! Justa tí òun bú níbi ìsìnkú ọkọ òun, pé kó máa bá làámà rẹ̀, ẹran onírun tó ń sìn, sùn lókè lọ́hùn-ún, pé ènìyàn gidi kì í gbé inú atẹ́gùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ṣa àwọn tó ṣì le, ó dì wọ́n sínú àpò, ó gbé e lé làámà lẹ́yìn, ó kọrí sókè.

Justa jókòó síwájú ilé, ó ń rànwú. Kò dìde.

"Ta ni mò ń wò yìí? Ìyàwó wa! Ṣé o ṣìnà ni? Atẹ́gùn ló ń gbé ibí o, kì í ṣe ènìyàn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣẹ̀ yín. Ọ̀dùnkún mi ló ń rà."

"Ẹnu yẹn mú, àbí kò mú?"

"Ó mú."

Justa wo àpò náà, ó wo ojú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó gbé òwú sílẹ̀. "Ó tó, jàre. Tú wọn sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Má kó wọn lérí ara wọn o."

Òtútù orí òkè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tó àsìkò, àwọn méjèèjì ká yẹ̀rì sókè, wọ́n di èjìká ara wọn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Omi ń ru jáde láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Inú Saturnina dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ pé ìyá wa ò tẹ́ ọ̀dùnkún síbí rí?" Justa ní. "Ó ní òtútù ibí ti pọ̀ jù, pé ọmọ làámà ló ń pa. Ọ̀dọ̀ yín nísàlẹ̀ ló ń gbé tirẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Saturnina. Bí òtútù bá tún fi ibí sílẹ̀ ńkọ́? Ó gbójú sókè wo ẹ̀yìn ilé. Àpáta ni, lẹ́yìn àpáta, ojú ọ̀run. Kò sí ilé ẹnì kankan lókè ibẹ̀ tí àwọn tún lè lọ bẹ̀. Ó di èjìká ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ mú dáadáa, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ.