Ọkọ̀ Ismaheel Kò Gbọdọ̀ Dípẹtà

1.

…títí kan kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò tó. Sodiqat fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń fi àkísà nù ún. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ẹrẹ̀ Ṣakí kì í fẹ́ kúrò lára irin. Bó bá gbẹ síbẹ̀, ó parí.

Bàbá rẹ̀ wà lórí ìjókòó iwájú. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn: kó, kó, kó.

“Ó ṣì le,” ni ó wí. “Bí Ismaheel ṣe fi í sílẹ̀ ló máa bá a.”

Ismaheel ni àkọ́bí. Ó wà ní Líbíà.


2.

Páálí tó wà lójú gíláàsì. Bàbá ló ń sọ ọ́, Sodiqat ló ń kọ ọ́:

ỌKỌ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.
Ẹ MÁ BÈÈRÈ.
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WÀ Á KÍ ISMAHEEL TÓ DÉ.


3.

Lọ́dọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé, ẹni tó ń jó irin ọkọ̀ létí gáréèjì.

SODIQAT: Ẹ̀gbọ́n, ìpẹtà tún ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Ọ̀JẸ̀TÚNDÉ: O fi sáńpépà ha á?

SODIQAT: Mo ha á títí irin fi ń dán. Mo kọ́kọ́ kun ọ̀dà pupa. Mo fi ọ́ìlì tí wọ́n ti lò pa abẹ́ rẹ̀. Mo wá fi tápólì bò ó dé ilẹ̀.

Ọ̀JẸ̀TÚNDÉ: Dé ilẹ̀? Háà! Ooru ilẹ̀ á gòkè, kò ní rọ́nà jáde. Ṣe lò ń sè é, Sodiqat.

SODIQAT: Yéè!

Ọ̀JẸ̀TÚNDÉ: Orí òkun lọkọ̀ yẹn gbà wá. Iyọ̀ ti wà lábẹ́ ẹ̀ kó tó dé Ṣakí rárá. Jẹ́ kátẹ́gùn fẹ́ sí i. Kó o sì máa wà á. Ọkọ̀ tó bá dúró, omi á bá a dúró.

SODIQAT: Bàbá ò ní gbà.

Ọ̀JẸ̀TÚNDÉ: Ṣé Bàbá ni mò ń bá sọ̀rọ̀?


4.

Sodiqat ká tápólì kúrò lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, ìdí rẹ̀ kò gbélẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, ó ti dìde. Ó ń ránṣọ oníbàárà lọ́wọ́, ó fi í sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó sáré lọ tẹ ara ọkọ̀ wò. Ó bá ọ̀nà ọjà dé ìdajì, ó padà. Ó ń gbọ́ nǹkan kan tó ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi, kò sì sẹ́lòmíràn tó ń gbọ́ ọ.


5.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù.

Sodiqat: Bọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa wa ọkọ̀ yín díẹ̀díẹ̀? Ó ti ń dípẹtà.

Ismaheel: Ọkọ̀ wo?


6.

Sodiqat kọ èsì. Ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́.

Ó pa á rẹ́.


7.

“Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ wí?”

“Ó ní ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀, Bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.


8.

Bí wọ́n bá ti fa Bàbá lọ kírun Jímọ̀, Sodiqat a fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀, Ọ̀jẹ̀túndé a jókòó tì í. Wọn a lọ, wọn a bọ̀. Sodiqat a tún nu táyà kí wọ́n tó mú Bàbá dé.


9.

Wọ́n ti kírun Alaásárì tán. Bàbá fọwọ́ wá ilẹ̀kùn, ó wọlé sórí ìjókòó rẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Ilẹ̀ ọkọ̀ já.

“Sodiqat! Ilẹ̀ ti lọ!”

Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni omi ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ara òde nìkan ni Sodiqat ń kùn. Ó fa ẹsẹ̀ náà yọ. Irin ti ya ojúgun, ìpẹtà sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ bí ata lílọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kadà kankan ní títì.

Ó fi gèlè rẹ̀ di ojú egbò. Ó gbé Bàbá sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó mú kọ́kọ́rọ́.


10.

Nínú ọkọ̀.

BÀBÁ: Ta ló ń wà á?

SODIQAT: Èmi ni, Bàbá.

BÀBÁ: Ta ló ní kó o wà á? Tí Ismaheel bá gbọ́…

SODIQAT: Bọ̀dá Ismaheel ò rántí pé àwọn ní ọkọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn. “Ọkọ̀ wo?” ni wọ́n kọ padà. Ẹ má bínú, Bàbá. Irọ́ ni mo pa fún yín.


11.

Nọ́ọ̀sì fọ egbò náà, ó rán an, ó gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Bàbá kò ké.


12.

Nígbà tí wọ́n ń padà, ó ní iwájú lòun fẹ́ jókòó. Sodiqat fi pákó bo ojú ihò náà. Bàbá fẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Atẹ́gùn ọ̀nà ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń fẹ́ jàlàbíà rẹ̀.

Wọ́n dé iwájú ilé. Òjò ti dá. Sodiqat na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

“Má pa á.”

“Níbo la ń lọ, Bàbá?”

Bàbá ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ̀n.