Èènì Tó Jókòó Sínú Kọ̀ǹpútà

Orí ebè ni àwọn kọ̀ǹpútà wà nínú ṣọ́ọ̀bù Alájì Ràímì. Wọ́n tò wọ́n bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, òjò sì ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti inú àjà lé wọn lórí. Kò sí èyí tí omi bà jẹ́. Ibídùnní ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń gba inú poro lọ, ó ń wá èyí tó kéré. Ó di fíláàṣì kọ̀ǹpútà kan mú gírígírí. Inú fíláàṣì náà ni Oyèníran àbúrò rẹ̀ wà.

Oyèníran ti kú. Nígbà tó wà láyé, kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, òun náà ló sì kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwèé nígbà tí irun funfun ti ń yọ lórí ìyẹn. Ó ka gbogbo ẹ̀kọ́ náà sínú fíláàṣì pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, kí Ibídùnní lè máa gbé e dé àwọn abúlé, kí àwọn ìyá àgbà tí wọn kò rí ilé ìwé lọ lè gbọ́. Línúùsì ló fi ṣe é, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń kọ́, tí wọ́n sì ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà tí kò bá gba Línúùsì kò lè gba Oyèníran.

"Àǹtí mi, ibí yìí há," ni ó wí láti inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ń di tín-ín-rín.

"Ṣe sùúrù. Yàrá ni mò ń wá fún ọ."

Kọ̀ǹpútà ńlá kan ní kí Ibídùnní gbé òun. Ó gbé e, ó wúwo bí ọlọ. Kọ̀ǹpútà náà bi í pé níbo ni wọ́n ń lọ, ó ní abúlé ni, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni àwọn yóò sì jókòó sí. Kọ̀ǹpútà náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní mọ́tò tó bá ní amúlétutù nìkan ni òun ń wọ̀. Ibídùnní gbé e kalẹ̀, kò rọra gbé e.

Òmíràn kéré, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń tòògbé. Bátìrì rẹ̀ kò lè mú un dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òun yóò gba Línúùsì tayọ̀tayọ̀, kìkì pé bí Línúùsì bá ti wọlé, òun kò ní gbọ́ ohunkóhun láti ìta mọ́. "Ẹ ó kàn bá mi ra etí mìíràn ni," ó wí. Ibídùnní wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ibi tó yẹ kí etí wà ń dán bí àwo, kò sí ihò tí wọ́n lè ki òmíràn bọ̀.

Ìparí poro ló ti rí èyí tó fẹ́. Kò tóbi ju ìwé orin lọ, kò sì wúwo ju òròmọdìẹ lọ. Ara rẹ̀ ti ha díẹ̀, ẹnìkan ti lò ó rí, nítorí náà owó tó wà létí ìró Ibídùnní ká a. Bátìrì rẹ̀ ń mí dáadáa. Ó bi í bóyá ó gba Línúùsì.

"Èmi gbà," ni kọ̀ǹpútà náà fèsì. "Ẹ bi bàbá tó wà nínú ilé."

Ibídùnní ṣí i. Yàrá kan ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ọkùnrin kan nà gbalaja sórí rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ikùn. Ó ní òun ni onílé.

"Ẹ kú ilé, bàbá. Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà yìí."

"Rà á. Mo fẹ́ràn ayálégbé tó bá mọ́ tónítóní."

"Ayálégbé kọ́. Mo ní mo fẹ́ rà á."

"Mo gbọ́. Bí o bá rà á tán, o ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. Bí mo bá fẹ́ kun ilé lọ́dà, màá tì ọ́ síta, àárín iṣẹ́ ni o ì báà wà. O ò sì gbọdọ̀ gba àlejò."

"Kì í ṣe àlejò. Àbúrò mi, Oyèníran, ni yóò máa gbé ibẹ̀."

Onílé wo fíláàṣì náà bí ẹni wo èkúté. "N kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí n kò mọ̀ kì í sùn nílé mi."

Ara Ibídùnní gbóná. Ó rántí gbogbo tábìlì tó ti tẹ̀ka rí kó tó mọ̀wé, níbi tí akọ̀wé ti máa ń bá ẹni tó tẹ̀ lé e wá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ tún dúdú fún yíǹkì. Ó fi aṣọ nù ún, aṣọ mọ́, ọwọ́ kò mọ́.

"Àǹtí mi," ni Oyèníran wí. Ibídùnní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Ó pe Alájì Ràímì. Alájì wá, káńtà ṣọ́ọ̀bù náà ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó ń wọ́ ọ bọ̀.

"Alájì, ta lẹ fi sínú ọjà mi?"

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Òun kọ́ ni ọjà. Èènì ni. Ẹ̀yin ra kọ̀ǹpútà, èmi fi bàbá yẹn lé e. Gbogbo kọ̀ǹpútà ni mò ń fi ọ̀kan lé."

"Èmi ni mo máa ń tọrọ èènì. Ṣé mo tọrọ?"

"Ẹ ò tọrọ."

"Mo ti gba èènì gààrí, mo ti gba èènì ata. Kò sí èyí tó délé mi tó ní kí n má fọwọ́ kan ìkòkò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òun."

Àwọn ìyá àgbà tí Ibídùnní ń kọ́ níwèé ti wà lórí ebè yí wọn ká, ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ oníkálukú. "Tíṣà, ẹ gbà á," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ta ló ń dá èènì padà? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ẹ ń gbéra ga ni?"

Ibídùnní rò ó. Kò dá èènì padà rí láyé rẹ̀. Ó tú owó létí ìró, ó kà á lé Alájì lọ́wọ́.

"Ó dáa, mo gbà á," ó wí. "Ó ti di tèmi, àbí?"

"Tiyín ni," ni Alájì dáhùn, inú rẹ̀ dùn.

"Ohun tó bá wù mí ni mo lè fi ṣe?"

Ìgbà náà ni Alájì tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Onílé náà mọ̀ ọ́n, ó gbá àga rẹ̀ mú. "Alájì, ṣé èmi lò ń pè ní èènì?" Alájì kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ojú gbogbo oníbàárà ló ti sọ ọ́.

Ibídùnní na ọwọ́ sínú yàrá náà. Ó gbé onílé pẹ̀lú àga àti abẹ̀bẹ̀, ó gbé e ka orí káńtà. "Ẹ gbà, Alájì. Mo fi ta yín lọ́rẹ." Onílé náà ti ń bi Alájì pé ta ló fún un láṣẹ láti kan káńtà mọ́ ìdí.

Ibídùnní ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Oyèníran wọlé, ó kọ́kọ́ na ara rẹ̀, egungun rẹ̀ sì dún. Ó gbálẹ̀ yàrá. Ó mú ìṣó kan jáde láti àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó kàn án mọ́ àárín ògiri, ìró rẹ̀ sì dún dé gbogbo ebè.

"Àǹtí mi, kí ni ká fi kọ́ ìṣó yìí?"

Ibídùnní bọ́ yíǹkì kúrò lára àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni bọ́ ìbọ̀wọ́, ó nà án sí i. Oyèníran gbà á, ó fi kọ́ ìṣó náà. Yíǹkì náà ń kán tó, tó, tó sílẹ̀.