Ìkòkò Tó Wà Lábẹ́ Fèrèsé

Inú Korotimi tíṣà ń ru. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ̀tù sí i nínú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó kọ́kọ́ wá wo ìkòkò amọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé kíláàsì rẹ̀. Òdòdó ni wọ́n gbìn sínú rẹ̀. Òdòdó pupa, nítorí àlejò!

Oṣù mẹ́sàn-án ni ìkòkò yẹn ti wà níbẹ̀. Nígbà tí kòkòrò tó ń jẹ ewé igi emi, igi òrí, pọ̀ nínú òjò èṣí, tí gbogbo abúlé ń dín in jẹ, Korotimi bẹ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kí kálukú mú ọ̀kan wá láàyè. Ìsinmi ni wọ́n wà, síbẹ̀ wọ́n wá, àwọn mọ́kànlélógójì. Ọmọ ọdún méje tó yọ ẹran lẹ́nu ara rẹ̀ fún tíṣà, ṣé ohun kékeré nìyẹn? Àwọn kòkòrò náà wọ inú yẹ̀pẹ̀ lọ fúnra wọn. Èèpo bo ara wọn, wọ́n dúdú, wọ́n le bíi kóró èso. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni ọmọ kan máa ń fi ṣíbí wú ọ̀kan jáde. Á fi ìka kàn án, ìdí rẹ̀ á máa yí, kíláàsì á hó yèè. Wọ́n á yà á sínú ìwé, wọ́n á sì dá a padà.

Mawá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí jù. Ìyá rẹ̀ àgbà ti sọ fún un pé láti ọ̀run ni kòkòrò emi ti ń bá òjò bọ́.

“Rárá o,” ni Korotimi wí. “Labalábá ńlá ló ń bí i. Ẹ má gba ẹnu mi gbọ́. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ẹ ó rí i tí labalábá yóò jáde níbí.”

Mawá lọ bá ìyá àgbà jiyàn nílé. Ẹ̀rín ni arúgbó náà fi ọ̀rọ̀ náà rín. “Tíṣà yín ti jẹ ẹ́. Ìwọ nìkan lo ò mọ̀.” Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti ń ka ọjọ́. Òjò ku bí ọ̀sẹ̀ kan péré.

Láàárọ̀ ọjọ́ àlejò yìí, ẹ̀yìn ilé-ìwé ni Korotimi ti bá Dofini, ọ̀gá ilé-ìwé, níbi tí wọ́n ti ń tu ìyẹ́ adìyẹ.

“Ọ̀gá, ta ló da yẹ̀pẹ̀ ìkòkò mi nù?”

“Èmi ni. Alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lónìí, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló sì kún inú ẹ̀.”

“Ìgbẹ́ ewúrẹ́ kẹ̀! Kòkòrò emi ni!”

“Èyí tí mo ti ń jẹ láti kékeré? Ṣé èmi ni mi ò ní mọ kòkòrò emi?”

“Inú epo lẹ ti mọ̀ ọ́n! Ẹnu yín ló mọ̀ ọ́n, ojú yín ò mọ̀ ọ́n rí!”

“Korotimi, rọra o. Àwọn adìyẹ mi sáà ti ṣà á jẹ. Kò ṣòfò.”

Korotimi sáré lọ sí orí ààtàn, àwọn ọmọ tẹ̀lé e, wọ́n ń fi ọwọ́ tú u. Èèpo lásán ni wọ́n rí. Mawá nìkan ni kò fọwọ́ kan ilẹ̀.

“Ìyá àgbà ti sọ fún mi,” ló wí.

Nígbà tó yá, alábẹ̀wò dé. Ó jókòó, ó wo ìwé ètò ẹ̀kọ́ tíṣà, ó bi àwọn ọmọ pé níbo ni kòkòrò emi ti ń wá.

“Lára labalábá!” Bí ọ̀gá ṣe kọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

“Ẹ kú iṣẹ́! Ta ló ti rí i?”

Mawá dìde. “Láti ọ̀run ni, sà. Òjò ló ń gbé e bọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò.”

Alábẹ̀wò yíjú. “Tíṣà, kí lẹ wá ń kọ́ wọn?”

Korotimi fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣe. Kí ló fẹ́ fi tún un ṣe? Òórùn ọbẹ̀ adìyẹ ń gba ojú fèrèsé wọlé.

“Ẹ bi ọ̀gá wa, sà,” ó wí. “Ẹ̀rí tí mo ní ń hó lórí iná nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe yín lálejò. Tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹ́, ẹ rántí pé ọmọ mọ́kànlélógójì ló yọ ọ́ lẹ́nu ara wọn.”

Mawá ti jókòó padà. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ń fa àwọn ewé tó ya àwòrán kòkòrò sí ya, lọ́kọ̀ọ̀kan.