Mo Lọ Jẹun Lọ́dọ̀ Ìyá Mojọlá

Ọdún tó tẹ̀lé Fẹ́sítáàkì ni, òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Èlùbọ́ ni mo lọ rà ní Tẹ̀dé tí Àdìjátù, aládùúgbò wa n'Ísẹ́yìn, fi bá mi lọ́jà. Ó ní, "Ìyá Ràmọ́nì, bí ẹ bá ti kúrò nílé báyìí, ọ̀dọ̀ Ìyá Mojọlá ni Ládòkun ọkọ yín ti ń jẹun o."

Ara mi gbóná. Opó tó ń ta oúnjẹ ni Ìyá Mojọlá, ó sì rẹwà, kí n má purọ́. Mo fẹ́ràn Ládòkun ju bó ṣe yẹ lọ. Aṣọ òkè ló ń hun; ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, ẹnu rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Irú wọn gan-an ló ń gbé ìyàwó tuntun wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ òótọ́, ilé bàbá mi ní Ìgànná ni mo ń lọ.

Mi ò yà sílé. Ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni mo ní kí awakọ̀ já mi sí. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń tẹ́ ẹní sí fáwọn oníbàárà, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Kì í bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ jẹ. Ohun tí oko bá mú wá lásìkò náà ló ń sè, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń bù ú wá, abọ́ kan tẹ̀lé òmíràn.

Mo ní, "Ìyá Mojọlá, ìjà ni mo bá wá."

Ó ní, "A kì í fi ebi jà. Ẹ jókòó."

Ó gbé iṣu tuntun sísun àti epo wá. Mo ní mi ò jẹ. Mo jẹ ẹ́. Ó gbé wàrà díndín wá, ẹ̀wà tuntun tẹ̀lé e. Bó ṣe ń dùn sí i ni inú túbọ̀ ń bí mi. Ta ni yóò jẹ irú èyí tí yóò tún rántí ilé?

Lẹ́yìn náà ló bu iyán kékeré àti ọbẹ̀ ìsápá. Mo tọ́ ọ wò. Egúsí bíi tèmi, irú bíi tèmi, àmọ́ nǹkan kan kù.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́bẹ̀ yìí?"

"Ọkọ yín ni. Bí ìsápá bá ti so, tí ẹ ò sí nílé, á ní kí n sè é bí ẹ ṣe ń sè é. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á ní, 'Ẹ ṣeun, àmọ́ kì í ṣe ti Ìyá Ràmọ́nì.' Bí a ò rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò ṣe sí ọbẹ̀ náà? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ti sú mi."

Ojú tì mí, inú mi sì dùn dọ́ba. Mo bá a wọ ilé ìdáná. Ó ń bọ ìsápá, ó ń fún un títí kíkan rẹ̀ fi ń tán pátápátá. Èmi máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù síbẹ̀. A da ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì se òmíràn.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Ládòkun dé, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó jẹ iṣu, ó jẹ wàrà, ó jẹ ẹ̀wà. Ìyá Mojọlá wá gbé iyán àti ọbẹ̀ fún un. Ó bu òkèlè kan, ó gbé e mì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró nínú abọ́.

Ó ní, "Ìgbà wo ni ìyàwó mi dé?"